Ẹni Tí Ìwọ Yóò Fa Okùn Jákì Lé Lọ́wọ́

Ìlọ́fà,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Fọlákẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé inú ló ń bí mi bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tí ó tún ń dúró. Ìyàwó tuntun ni mí ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, iṣẹ́ ìyàwó tuntun kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Mo ti gbálẹ̀ agbo-ilé, mo ti se oúnjẹ, mo ti kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tó yẹ kí n kí. Ẹ̀yìn ń ro mí. Síbẹ̀, inú mi ń dùn, Fọlákẹ́, inú mi ń dùn débi pé ojú ń tì mí! Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú fèrèsé kọjá lọ sí oko ni, ó yọjú wọlé, ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, má kọ̀wé pẹ́ jù, kí ojú má baà máa ro ọ́," mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé-ìwé. Má sọ fún àwọn àbúrò rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lánàá kò jẹ́ kí n sinmi. Nẹ́tíwọ̀kì ń gé ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu, bí mo bá sì dé ibi tó ṣe pàtàkì ni ìwọ á máa pariwo, "Mọ́mì, n kò gbọ́!" Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà tó ń ná Ìlọrin láti Òsí yóò mú un bọ̀ lọ́la.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ re. Jákì, ajá tí o ti ń tọ́ kí o tó fẹ́ Kúnlé, yọ eyín sí ìyá ọkọ rẹ nígbà tí màmá náà wá kí yín nínú ilé tuntun, ó sì fa ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ya. Kò ṣe é léṣe, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ti lóyún, ìyá yìí kan náà ló sì ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Kúnlé ní òun kò lè fi ọmọ tuntun àti ajá tó ń buni jẹ sínú ilé kan. Ọkùnrin kan ládùúgbò yín tó máa ń wọ bàtà sójà, tí ẹ ń pè ní Kọ́máńdò, ní kí ẹ fa okùn Jákì lé òun lọ́wọ́, pé òun yóò mú un lọ, bí ó bá sì padà dé, yóò dà bí ọ̀dọ́ àgùntàn. Kúnlé fún ọ di ọjọ́ Àìkú. Bí o kò bá gbé Jákì fún Kọ́máńdò, yóò tà á fún àwọn tó ń fi ajá se ọbẹ̀. Ìwọ wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n fún un?"

Má tíì fún un.

Mo mọ̀ pé o máa ní, kí ni ìyá mi tó ka ìwé dé sẹ́kọ́ńdírì lásán mọ̀ nípa ẹni tó ń kọ́ ajá? Òótọ́ ni, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá ni ó kọ́ mi, nínú ilé ọkọ mi yìí, láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́. N kò sọ ọ́ fún yín nítorí ẹ̀ bá máa sọ pé, "Ṣé a ò wí?"

Nígbà tí wọ́n mú mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo agbo-ilé ló jáde. Wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin, ọkọ mi wọ agbádá funfun, ó dúró bí ọ̀pẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ajá nìkan ni kò kí mi káàbọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, bí mo sì ti fẹ́ ré e kọjá, ó ń kùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Mo padà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Fọlákẹ́, ìyàwó tuntun tí kò lè wọ kíṣìnnì ilé ọkọ rẹ̀! Ìdí àdògán aládùúgbò ni mo ti ń dáná. Àǹtí Wúrà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ajá ni ìyálé rẹ ni? Ǹjẹ́ o ti kúnlẹ̀ kí i?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọkọ mi ní a ó wá ẹni tó máa kọ́ ajá náà. Ibẹ̀ ni ìrìn wa ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: mọ ohun tí o ń wá kí o tó jáde láti wá a. Ọ̀dọ̀ ọdẹ àgbà kan ni a kọ́kọ́ lọ, nítorí ní ìlú wa, bí a bá sọ̀rọ̀ ajá, ọdẹ ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Àwọn ajá baba yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Ó wá wo tiwa, ó rìn yí i ká, ajá ń gbó, ó ń ta sókè nínú okùn. Baba pàtẹ́wọ́.

"Ajá rere nìyí! Kí lẹ fẹ́ kí n tún kọ́ ọ?"

Ọkọ mi ní, "Baba, a fẹ́ kó jáwọ́ nínú rẹ̀ ni."

"Kó jáwọ́? Èmi tí mo ń fún ajá ní agbọ́n jẹ kí wọ́n lè mú? Ìyàwó, ẹni tó ń pọ́n àdá lẹ wá bá, pé kó bá yín sọ àdá di èyí tí kò mú."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí a máa lọ, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí di òní, nítorí ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ pin sí. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń kọ́ ajá láti máa ṣọ́ ilé, tàbí kó máa lé olè, tàbí kó máa jókòó bí ẹ bá ní kó jókòó, ó lè mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, kó má sì mọ ohun tó ń ṣe ajá tí ẹ̀rù ń bà. Bi Kọ́máńdò pé irú ajá wo ni ó máa ń tọ́jú. Bí ó bá ní gbogbo rẹ̀ ni, a jẹ́ pé kò mọ ọ̀kan.

Ọmọ mi, èyí tó tẹ̀lé e ni kí o fara balẹ̀ kà.

Ọkùnrin kejì wá láti ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ó gun ọ̀kadà wọ agbo-ilé wa, ó fi pàṣán há abẹ́ apá. Ó wo ajá wa lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti rí irú rẹ̀ sẹ́yìn, kí a fún òun, bí òun bá dá a padà, yóò dákẹ́ débi pé a ó máa wá a pé níbo ló wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa létí, ó ti rẹ̀ wá. Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń fẹ́ràn ẹni tó bá ní òun yóò bá a gbé gbogbo ẹrù náà lọ. Bí ó ṣe rí lára ìwọ àti Kúnlé báyìí nìyẹn, mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èmi àti ọkọ mi mú ọ̀nà pọ̀n láti lọ wò ó. Mo gbádùn ìrìn náà, kí n má parọ́ fún ọ, a jọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì kékeré kan, ó ra ọsàn fún mi, ó ń bó o fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, ọkùnrin náà dúró sẹ́nu géètì.

"Ẹ má wọlé o. Bó bá gbóòórùn yín, ẹ̀kọ́ á bàjẹ́."

Ọkọ mi ní, "Ojú lásán la fẹ́ fi rí i."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

A gbà á gbọ́. A yí padà. Lójú ọ̀nà mo ń sọ fún ọkọ mi pé ọkùnrin náà mọṣẹ́ rẹ̀, pé ẹni tí kò gba gbẹ̀rẹ́ ni.

Ajá padà dé, òótọ́ ni, kò kùn mọ́. Mo wọ kíṣìnnì! Mo jó kọjá níwájú rẹ̀, mo gbé ìkòkò kaná, mo se ọbẹ̀ ilá fún ọkọ mi lórí iná ara mi. Ajá ń wo ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá wúkọ́, ó ń tọ̀ sára. Èmi rí i, mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì ni ó yẹ kí n ti mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ìyá mi ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, mo sì yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú ká láti yan ọ̀gá. Ní ọ̀dọ̀ màdáámù kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń bi í léèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, aṣọ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán. Ní ọ̀dọ̀ èkejì, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń mira. Mo yan ti èkejì, mo ní ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹ̀rù ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í béèrè, ẹni tí kì í béèrè kì í mọ̀. Mo gé aṣọ oníbàárà dànù níbẹ̀ nítorí n kò láyà láti sọ pé n kò lóye. Títí di òní n kò mọ apá ẹ̀wù rán dáadáa.

Nítorí náà, Fọlákẹ́, má fi ìdákẹ́ yan olùkọ́, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti ajá. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dé bá wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Àǹtí Wúrà bẹ̀rẹ̀ láti fa igi ìdáná tó wà nítòsí ajá náà. Ajá kò gbó. Kò kùn. Irun rẹ̀ kò dìde. Ó kàn bù ú jẹ ní ọrùn ọwọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ sì bo ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ó máa ń kìlọ̀ fún wa. Ìkìlọ̀ ni wọ́n nà kúrò lára rẹ̀, wọn kò na ìbínú. Èmi ni mo ń bá Àǹtí Wúrà lọ gba abẹ́rẹ́ ajá ní Òsí, lórí ọ̀kadà, nínú oòrùn, ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi láti ilé dé ọsibítù, ó ń sọ̀rọ̀ padà. "Ìyàwó tí ẹ fẹ́ ti gbé ẹbọ wọlé!" Ó rẹ̀ mí ju kí n fèsì lọ.

Jákì kùn kó tó fa ìró ìyá ọkọ rẹ ya, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo sọ? Ìró ló mú, kò mú ẹran ara. Ajá tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ni. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ kí ọmọ tuntun tó dé. Ọmọ ọwọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ajá tó dákẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹni kẹta ni ìtura ti wá. Ràfíátù ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dókítà ẹran ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, ó sì kàwé nípa ìwà ẹran. Má rò pé áńgẹ́lì ni. Ó máa ń pẹ́ dé, ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ó sì ń pàṣẹ fún àgbà. Mùsùlùmí ni, àwọn ará ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, àwọn kan sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé irú ìmàle wo ló ń bá ajá ṣọ̀rẹ́. Ó ní, "Yèyé, itọ́ rẹ̀ ni mo máa ń fọ̀ kúrò lára kí n tó kírun. Ọlọ́run tó dá a kò ní kí n fìyà jẹ ẹ́."

Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Lẹ́yìn náà ó béèrè bí ajá ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn, bóyá ibì kan ń dùn ún. A ní kò sí. Ó ní kí ọkọ mi tú okùn ọrùn rẹ̀ wò. Ọgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí ṣéènì ti jẹ ẹ́, ó ti fẹ́ kẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá fa okùn, ọgbẹ́ ni à ń fà! Fọlákẹ́, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ara ajá kí ó tó wo ìwà rẹ̀, dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá, kò wò ó lójú. Ó ní kí a máa ṣe iṣẹ́ wa. Ó ń ju ẹja gbígbẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá Àǹtí Wúrà sọ̀rọ̀ nípa ọjà Òsí. Mo ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìgbà tó yá, ó ní, "Yèyé, ẹ pè é."

Mo ní, "Tìẹdà! Tìẹdà, wá jẹun."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi pè é, bí ìgbà tí mo ń pè yín ní kékeré. Irun ajá dìde, ó yọ eyín, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí ó ti padà dé, ó wá ń wo ọ̀nà tó lọ sí ilé kejì.

Ràfíátù gbójú sókè. "Ta ló sọ ọ́ ní Tìẹdà? Ta ni wọ́n sì ń pè é sí?"

O mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń fi ajá sọ̀rọ̀. Bí aládùúgbò bá ṣẹ̀ ọ́, tí o kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ìjà, o máa sọ ọmọ ajá ní orúkọ tó máa gún un lọ́kàn, nígbàkúùgbà tó bá sì yọjú, o máa pe ajá rẹ. Ta ló lè mú ọ? Ajá rẹ lo ń pè.

Àǹtí Wúrà ló dá a lóhùn. Ìyá Táyọ̀, ìyàwó ọkọ mi tó ti di olóògbé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin ilé kejì ń bá a jà lórí igi ọsàn tó wà ní ààlà, ó bú u pé kò ní nǹkan kan láyé. Ìyá Táyọ̀ ra ọmọ ajá, ó sọ ọ́ ní Tìẹdà, ìyẹn ni pé tìrẹ dà, bí obìnrin náà bá ti jáde láti da omi nù, á ké e kí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Tìẹdà! Tìẹdà o!" Tọ̀hún á dá a lóhùn, ariwo á sọ.

Ràfíátù ní, "Nígbà náà, ohun tí ajá yìí mọ̀ ni pé bí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìjà dé, kí ó wá ẹni tí kò mọ̀ rí kó dojú kọ ọ́. Yèyé, ẹ̀yin ni kò mọ̀ rí. Ẹ máa pè é ní nǹkan mìíràn."

Ọkọ mi dìde, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró ti ògiri, ó ní, "Ohun tó kù lára ohùn rẹ̀ nílé yìí nìyẹn." Fọlákẹ́, kí ni kí n sọ? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. N kò lè wá gba ohùn ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ wọ kíṣìnnì. Mo ní kó jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó máa dáná ní ìta.

Àǹtí Wúrà ló yọ sí wa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. "Kí ló ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì? Ṣé ajá yìí kò ti wà nílé kí ìyàwó tó dé ni? Ta ló tilẹ̀ fún un láyè láti máa là á mọ́lẹ̀ pe orúkọ?"

Ó wí òótọ́! Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, orúkọ ẹ̀yẹ ló máa fi pè é. Mo ti sọ gbogbo ọmọ agbo-ilé lórúkọ. Adúmáadán wà, Òpéléńgé wà, Ọ̀gá Tíṣà wà. N kò ka ajá mọ́ ọn.

"Sọ ọ́ lórúkọ, ìyàwó!"

Mo wo ajá náà. Eyín tó ń yọ sí mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo rí. Mo ní, "Ó dára. Eyínfúnjowó."

Àǹtí Wúrà fò sókè, ó ń jó. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí gbogbo ilé máa pè é bẹ́ẹ̀, pé orúkọ ti àkọ́kọ́ á wà lọ́kàn òun, kò sẹ́ni tó máa gbà á níbẹ̀.

Ràfíátù kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é: kí a máa fi oúnjẹ tẹ̀ lé orúkọ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú pè é, kí èmi jù ú sí i láti òkèèrè, kí n má na ọwọ́ sí i títí yóò fi tọ̀ mí wá fúnra rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa tán. Ó ní, "N kò mọ̀, Yèyé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi fọkàn tán an. Ẹ̀kọ́ náà ń rẹni, tìrẹ ni yóò jẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ kọ́ ọ níta kó wá gbé e fún ọ bí ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé. Eyínfúnjowó kò tíì fẹ́ràn kí n gbé ìgbálẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń dáná nínú kíṣìnnì mi, ó sì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, nígbà mìíràn ìrù rẹ̀ a máa lu ilẹ̀ bí mo bá wọlé. Bí mo bá gbọ́ ìró ìrù yẹn, ayọ̀ mi kò láàlà.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Àìkú tó pé, ìwọ àti Kúnlé ẹ jọ lọ bá Kọ́máńdò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ wo bí ó ti ń kọ́ ajá ẹlòmíràn. Ẹ wo ìrù àwọn ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń mì tàbí ó há sáàárín ẹsẹ̀. Ẹ bi í pé, "Bí Jákì bá ṣìṣe, kí lẹ ó ṣe sí i?" kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá ní kí ẹ má wá wò ó, ẹ kí i, kí ẹ máa bọ̀ nílé. Bí mo bá ṣi í rò, tó jẹ́ ènìyàn rere, inú mi á dùn, bàtà kọ́ ni mo ń bá jà.

Mo ti bá Ràfíátù sọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀ wá kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìlọrin lópin ọ̀sẹ̀ yìí, yóò yà sọ́dọ̀ yín ní Sátidé. Yóò pẹ́ dé, ẹ má bínú. Jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ wà níbẹ̀, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀, kí o má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ojora mú màmá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kúnlẹ̀ bí ikùn bá gbà ọ́.

Apá tó kù yìí wúwo lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ rere lè wo ajá rẹ tán, kó sọ pé ajá yìí kò gbọdọ̀ bá ọmọ tuntun gbé. Ràfíátù sọ fún mi pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan rí, wọ́n sì bú òun. Ẹni tí kò lè sọ ọ́ fún ọ, owó rẹ ló ń wò. Bí ó bá sọ ọ́, Fọlákẹ́, gbà. Má bá Kúnlé jà, má sọ pé kò fẹ́ràn rẹ. Bàbá ọmọ ni, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ìkà. Ọmọ ni àkọ́kọ́. N kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Jákì se ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi níbí ni yóò bọ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi láàárọ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ta ló máa ń ru ajá aláìgbọràn kejì wọ ilé ọkọ tuntun? Ó ń pọ́n àdá, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé abo ni àbí akọ?" Mo ní abo ni. Ó ní, "Kí wọ́n mú un wá. Ilé yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ọlọ́run tó fún ọ lóyún yóò bá ọ gbé e délẹ̀ wẹ́rẹ́, ìwọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ gba ọmọ rẹ. Kí Kúnlé fún mi. Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti fọ abọ́ kejì fún Jákì, mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn. Bí Ràfíátù bá ní kí Jákì máa bá yín gbé ní Sátidé, abọ́ náà yóò máa jẹ́ ti adìẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, n ó máa retí ẹ̀yin àti Jákì ní gáréèjì Òsí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ti rẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn,
Ìyàwó Ìlọ́fà.